Bí ìwé mẹ́jọ ṣe ń yí ọwọ́ mẹ́jọ ká ní ilẹ̀ Okun

Láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyárá dé Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ẹni tó bá wo pẹpẹ ìwé ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama yóò rí ìwé ìtàn níbẹ̀, àmọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí àgùnbánirọ̀ kan fi sílẹ̀ lọ, òmíràn jẹ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n ẹnì kan rà bọ̀ láti Ìlọrin, òmíràn ò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́. Bí àwọn ọmọ bá wá fẹ́ jọ máa ka ìwé fún ìgbádùn, kí wọ́n sì máa sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ fún ara wọn, ìṣirò ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe.

Sáà ẹ̀kọ́ kan kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ 13 lọ. Yọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń gé koríko ọgbà, yọ ọ̀sẹ̀ méjì ìdánwò ìparí, ó ku 10. Ká ní ọmọ mẹ́jọ ló fẹ́ ka ìwé kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ìwé tó dé ọwọ́ ẹni kẹjọ, ẹni àkọ́kọ́ ti gbàgbé orúkọ àwọn tó wà nínú ìtàn, àwọn méje sì ti wà lọ́wọ́ òfo láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìwé kíkà ti ń dákú nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kan rárá.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ọmọ mẹ́jọ mú ìwé mẹ́jọ wá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á jókòó yípo, olúkúlùkù á sì fi tirẹ̀ lé ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé, gbogbo ìwé ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, ọ̀sẹ̀ méjì sì ṣẹ́kù fún àwọn tí wọ́n já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń dá èsúsú kò nílò àlàyé: gbogbo wọn ló ń dá a, gbogbo wọn ló ń kó o. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú èsúsú, ẹnì kan ló ń kó lẹ́ẹ̀kan. Nínú èyí, gbogbo wọn ló ń kó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìwé tó nípọn a máa da ètò yìí rú díẹ̀. Ọmọ tó ń pọn omi lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tó tún ń bá ìyá rẹ̀ bẹ́ ẹ̀gẹ́ fún gàrí, kò lè ka ojú ìwé 300 láàárín ọjọ́ méje. Òfin tó dára fún un ni pé kò gbọ́dọ̀ dá ìwé dúró. Bí ọjọ́ Ẹtì bá pé, yóò gbé e kalẹ̀, yóò sọ ojú ìwé tó dé, yóò sì tún rí i gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ìwé kan kò bá wọ̀ lára ṣe lè pa á dé láàárín méjì láìtijú. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ ẹgbẹ́ ni kó sọ ibi tó ti pa á dé. Àwọn olùkọ́ mìíràn kì í fẹ́ gbọ́ èyí, àmọ́ ìwé tí wọ́n fi tipátipá mú ọmọ ka tán kì í ṣe ìwé ìgbádùn mọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá ni.

Bébà kan ló ń sọ yíyípo yìí di ọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn. Wọ́n á ya ewé kan nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́, wọ́n á ká a ní ìlọ́po méjì, wọ́n á fi sẹ́yìn èèpo ìwé. Gbogbo ẹni tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á kọ ojú ìwé kan àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun tó dá a dúró níbẹ̀. Òun nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Òpin ìtàn kò gbọ́dọ̀ sí lórí bébà náà, ẹni tó bá sì kọ ọ́ á pa á rẹ́.

Ká ní ìwé kan dá lórí ọmọbìnrin tó rí lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Bí ìwé náà bá ti gba ọwọ́ mẹ́rin kọjá, bébà inú rẹ̀ lè rí báyìí:

“34: Kí ló dé tí kò bi ìyá rẹ̀?”

“34: Èmi náà dúró níbẹ̀. Tó bá bi í, ìyá á parọ́ ni.”

“112: Ẹni tó kọ ìwé yìí ò gún iyán rí. Ta ló ń gún iyán kó tó se iṣu?”

“34: Ìyá tèmi náà máa ń dákẹ́ báyìí.”

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí bébà yẹn. Ẹni kejì dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn láìjẹ́ pé wọ́n jọ wà níbì kan. Ẹni kẹta, ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé odó kalẹ̀, rí àṣìṣe tí ẹni tó tẹ ìwé jáde kò rí. Ẹni kẹrin padà sí ojú ìwé 34, ó sì sọ ohun tí kò ní sọ bí olùkọ́ bá ní kó dìde. Nígbà tí wọ́n bá pàdé ní ọjọ́ Ẹtì, ẹnikẹ́ni kò ní láti wá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́. Ojú ìwé 34 ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

“Níbo lo ti dúró?” ni ìbéèrè tó wà lẹ́yìn gbogbo èyí. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń fi ṣí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i: “Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?” Ìyẹn ló ń ti ẹnu ọmọ pa, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé. Ká má ṣojúkòkòrò. Ká gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ọmọ tí kò ka ojú ìwé kan lè dáhùn rẹ̀, kó sì gba máàkì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí òun ti dúró bí kò bá tíì rìn débẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti dúró.

Ibi méjì ni àṣà bíbéèrè ẹ̀kọ́ ti wá ní ilẹ̀ Okun. Ọ̀kan ni àlọ́ alẹ́, tí àgbà máa ń fi “ìtàn yìí kọ́ wa pé” ká nílẹ̀. Èkejì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì láti Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ìwé kíkà àti ẹ̀sìn jọ rìn pọ̀ ni; kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Títí di òní, ní Súńdé Sùkúù, ọmọ kan á ka ẹsẹ kan, òmíràn á ka èyí tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ á wá túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá gbé àṣà yìí wá sí ẹgbẹ́ ìwé á ka tirẹ̀ tán, á sì jókòó máa retí atúmọ̀. Kò yẹ ká bá a wí fún ìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe.

Àlọ́ tún ní ohun mìíràn tó ṣe é mú lò, ìyẹn ni elégbè. Apàlọ́ kì í dá orin kọ. Ibi tó bá ti dá orin sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gbè é, ẹni tó gbè lónìí sì lè pa tirẹ̀ lọ́la. Ẹgbẹ́ ìwé tó dúró dáadáa máa ń mú gbígbè yìí, á sì fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà.

Ọ̀rọ̀ àgbà ló tún ń da ìjókòó rú. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ SS1 kì í já ọmọ SS3 nírọ́. Bí Síníọ̀ bá ti sọ pé ìyá inú ìtàn náà burú, àwọn yòókù á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó kéré jù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa gbé e gòkè títí yóò fi kan àgbà wọn. Ọ̀wọ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ọmọ SS1 á ṣì sọ pé, “Síníọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wo ojú ìwé 34, ìyá yẹn ò tíì mọ̀ pé ọmọ òun ti rí lẹ́tà náà nígbà yẹn o.” Síníọ̀ á ṣí ibẹ̀, á kà á sókè, nígbà mìíràn á sì gbà. Bó ṣe jẹ́ pé ìwé ni wọ́n jọ ń wò, kì í ṣe ojú ara wọn, kò sí ẹni tí ojú ń tì.

Èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kò jẹ́ ọ̀kan. Ìyàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ló ń jẹ́ Okun, láti inú kíkí tí wọ́n jọ ń kí ara wọn. Yorùbá àjùmọ̀lò tó wà nínú ìwé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ nílé gan-an. Nínú ìlú ńlá bíi Kàbà, ọmọ Ẹbira tàbí ọmọ Ígálà lè wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nítorí náà ìwé lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí ẹnu lo èyí tó bá yá. Ọmọ tí wọ́n bá ní dandan Gẹ̀ẹ́sì fún máa ń sọ ohun tó mọ bí a ṣe ń sọ, kì í ṣe ohun tó rò.

Olùkọ́ wúlò, àmọ́ ibi tó jókòó sí ṣe pàtàkì. Bó bá wà níwájú, kíláàsì ni. Bó bá wà nínú yíyípo, tó mú ìwé tirẹ̀ wá, tó sì kọ ti ara rẹ̀ sórí bébà, wọ́n á gbà pé òun náà ń kàwé. Àgùnbánirọ̀ ló sábà máa ń dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ọdún kan ṣoṣo sì ni wọ́n fi ń sìn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àti àkọsílẹ̀ ìwé wà, ọjọ́ tó bá di ẹrù rẹ̀ ni ẹgbẹ́ tú ká. Ọmọ SS2 méjì ló yẹ kó di àkọsílẹ̀ mú. Kì í ṣe SS3, nítorí láti sáà kejì ni ìdánwò WAEC ti ń lé wọn kiri, pẹ̀lú ìwé ìtàn tí JAMB máa ń yàn fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé JAMB yẹn kò gbọ́dọ̀ wọ inú yíyípo, ibi tí ìbéèrè ìdánwò bá ti wọlé, “níbo lo ti dúró?” á jáde.

Sáà kejì náà ni àsìkò kajú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń wà lóko láti ṣa á ní ọjọ́ Sátidé, nígbà mìíràn láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Àwọn tó mọ ilẹ̀ yìí máa ń gbé ìpàdé lọ sí àsìkò oúnjẹ ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n á sì yan ìwé tín-ínrín fún àsìkò yẹn.

Nígbà ìsinmi gígùn, olúkúlùkù á gba ìwé tó mú wá padà, ṣùgbọ́n bébà inú rẹ̀ kì í kúrò. Bó bá ti kún, wọ́n á ká tuntun sẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1 á ṣí ìwé kan tó ti dàgbà jù ú lọ nínú ẹgbẹ́, á bá ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tó ti jáde, tí kò mọ̀ rí. Á kà dé ojú ìwé 34. Á wá bíírò, á sì kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.