Ìwà Èrò Níbi Àjọ̀dún Orin: Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ni àbí Pápá?

Ẹ bi àwọn olórin tó ń kó ohun èlò wọn káàkiri ayé léèrè bí èrò ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe rí, wọn kì í pẹ́ dáhùn. Wọ́n á ní àwọn ará Jàpáànù máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ bí orin kan bá ti parí, títí òmíràn á fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní èrò Ajẹntínà kì í jẹ́ kí olórin dá kọrin. Gẹ̀ẹ́sì mọ ìlà tò. Ará Jámánì kì í rú òfin. Ará Dẹ́nmákì, jẹ́ẹ́jẹ́ ni tiwọn. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró níwájú pèpéle ní orílẹ̀-èdè méjì mọ̀ pé èrò kò jọra. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ìgbà tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ ni ìwòkọ́ṣe. Kò sẹ́ni tó ń pín ìwé ìlànà lẹ́nu ọ̀nà pé báyìí ni kí ẹ ṣe pàtẹ́wọ́, ibi báyìí ni kí ẹ ti pariwo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á wo ọ̀tún, á wo òsì: ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀ nígbà tí orin ń lọ ni, ṣé wọ́n ń fò sókè, níbo ni wọ́n ń ju agolo ọtí sí? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń ṣe bíi tiwọn. Bí ewé bá sì pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ: òun náà ni ẹni tuntun máa wò lọ́dún tó ń bọ̀. Báyìí ni àṣà ṣe ń fìdí múlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìídì dá a sílẹ̀.

Ní Ajẹntínà, ìdí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti kọ́ ọ. Èrò bọ́ọ̀lù níbẹ̀ máa ń dúró, wọ́n máa ń fò, wọ́n sì máa ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yálà ẹgbẹ́ wọn ń borí ni o tàbí wọ́n ń nà án. Àwọn kan náà ló ń lọ wo olórin, pápá bọ́ọ̀lù náà ni wọ́n sì sábà ń lò fún eré ńlá. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin AC/DC wá sí Buenos Aires ní oṣù Kejìlá 2009, pápá River Plate ni wọ́n ti ṣeré. Bí gìtá bá dá ohùn kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, èrò á gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n á máa fi "óò-óò" kọ ọ́ bí ẹni pé orin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ni. Olórin tó ti ìlú tí wọ́n ti ń jókòó gbọ́ orin wá lè rò pé ìfẹ́ òun ló ń pa wọ́n bí ọtí. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi í hàn ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé.

Ìmọ́tótó Fuji Rock, àjọ̀dún orin kan ní Jàpáànù, náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọdún 1997 ni àjọ̀dún yìí bẹ̀rẹ̀ nítòsí òkè Fuji, ìjì líle sì dà á rú lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn débi pé ọjọ́ kejì kò wáyé. Láti 1999 ni wọ́n ti gbé e lọ sí Naeba, láàárín àwọn òkè Niigata. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu pé ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì parí ọ̀rọ̀ sí pé ará Jàpáànù ṣáà ni wọ́n. Lóòótọ́, láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ Jàpáànù ti ń gbálẹ̀ kíláàsì wọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí níbi àjọ̀dún náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn dúró níwájú àwọn àpótí tó tò tẹ̀lé ara wọn, ti ike lọ́tọ̀, ti agolo lọ́tọ̀, ti àjẹkù oúnjẹ lọ́tọ̀. Wọ́n á nawọ́ sí ibi tó yẹ kó o ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ sí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ojú á ti ẹni tó fẹ́ sọ ìgò sílẹ̀ níṣojú irú wọn, ibi yòówù kó ti wá. Ìmọ́tótó yẹn ní òṣìṣẹ́, ó ní àpótí, ó ní ẹni tó gbèrò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sì rántí pé èrò àjọ̀dún kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Àwọn tó lówó tíkẹ́ẹ̀tì ni, tí wọ́n rí àyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ràn irú orin kan. Ẹni tó bá fi Wacken mọ Jámánì á rò pé aṣọ dúdú ni gbogbo wọn ń wọ̀. Abúlé tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin mẹ́tàlì láti 1990 ni Wacken. Àwọn géńdé máa ń fi ara gbá ara wọn níwájú pèpéle níbẹ̀ bí ẹni ń jà, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣubú, kíá ni ọwọ́ mẹ́rin á ti gbé e dìde. Òfin àwọn olólùfẹ́ orin yẹn nìyẹn, wọ́n sì ń pa á mọ́ dé Bràsíl. Kò kan ìjọba Jámánì.

Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ àṣà là ń sọ. Àmọ́ ibì kan wà tí ọwọ́ àṣà kì í ti í tó o mọ́, ibẹ̀ gan-an ni ẹnu sì ti máa ń yá àwọn èèyàn láti dárúkọ orílẹ̀-èdè: ibi tí èrò ti fún ara wọn pa.

Ẹ mú ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní òró, mítà kan ní ìbú. Bí èèyàn 2 bá wà lórí rẹ̀, wọ́n lè jó. Bí wọ́n bá di 4, wọ́n ti ń fara kanra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kúrò ṣì lè kúrò. Tí wọ́n bá di 6 tàbí 7, ìpinnu ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èrò á wá máa mì bí omi inú igbá tí wọ́n gbé rìn: bí ẹ̀yìn bá ta díẹ̀, ìgbì á la àárín kọjá, á lọ fọ́ mọ́ odi iwájú. Ẹni tó wà lẹ́bàá odi yẹn kò lè gbé apá sókè. Bó bá sì jẹ́ pé òkè ló wà tẹ́lẹ̀, kò ní lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má kan ilẹ̀. Ó mí jáde, àyà rẹ̀ kò rí àyè wú kó tún lè mí sínú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kú báyìí, ìdúró ni wọ́n ń kú sí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò sì mọ nǹkan kan. Ó gbọ́ tí orin tó fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀, ó sún síwájú ní ìṣísẹ̀ kan péré. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá sún ní ìṣísẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ara àwọn díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já lé.

Ibo ni èyí ti ṣẹlẹ̀? Níbi àjọ̀dún orin Roskilde, Dẹ́nmákì, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2000, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Pearl Jam wà lórí pèpéle. Akọrin wọn dá orin dúró, ó bẹ èrò pé kí wọ́n fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta sún sẹ́yìn. Èèyàn 9 ló bá a lọ. Ní Duisburg, Jámánì, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2010, níbi àjọ̀dún orin Love Parade: inú ihò ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni èrò ń gbà bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ibẹ̀ kan náà ni àwọn tó ń jáde ń gbà. Ìdí tí ènìyàn fi lè fọwọ́ sí irú ètò yẹn kò yé mi títí di òní. Èèyàn 21 ló kú. Ní Akashi, Jàpáànù, ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2001, lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà láàárín ibùdókọ̀ ojú irin àti etí òkun níbi tí wọ́n ti lọ wo iná aláràbarà: èèyàn 11, ọmọdé sì ni 9 nínú wọn. Dẹ́nmákì, Jámánì, Jàpáànù. Tí wọ́n bá ní ká to orílẹ̀-èdè bí wọ́n ṣe mọ òfin pa mọ́ tó, àwọn mẹ́ta yìí kò ní gbẹ́yìn.

Ọwọ́ tí wọ́n bá fi mú èrò ni ohun tó kù, ó sì lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1895, Gustave Le Bon, ọmọ Faransé, kọ ọ́ pé bí èèyàn bá ti wọ àárín ogunlọ́gọ̀, làákàyè rẹ̀ á fò lọ. Ó pẹ́ tí àwọn aláṣẹ fi ń gba èyí gbọ́, nítorí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn: bí èrò bá jẹ́ wèrè, kò sí ohun tá a lè bá wọn sọ àfi kóńdó. Àwọn onímọ̀ bíi Stephen Reicher àti Clifford Stott ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò máa ń ronú, wọ́n sì máa ń wo bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣe sí wọn. Bí ọlọ́pàá bá ṣe gbogbo wọn bí jàǹdùkú, ẹni tí kò bá wọn dá sí ìjà tẹ́lẹ̀ á rí i pé òun àti jàǹdùkú ti di ọ̀kan náà lójú wọn. Ẹ wo ìdíje bọ́ọ̀lù Euro 2004 ní Pọ́túgàl. Gbogbo ayé ń dúró de ìjàngbọ̀n àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́pàá PSP tó wà ní àwọn ìlú ńlá fi pẹ̀lẹ́tù bá wọn lò, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń bá wọn tàkúrọ̀sọ, wọ́n sì gbé àṣíborí àti kóńdó pa mọ́ sí ibi tí ojú kò tó. Ìjà tó gba ìròyìn kan, Albufeira ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí kò sí lábẹ́ PSP, tí wọ́n sì ti ń fi agbára mú nǹkan. Ẹni tó da omi síwájú ló tẹ ilẹ̀ tútù.

Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ fi èyí hàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ní oṣù Kẹjọ 1969, nǹkan bí 400,000 èèyàn kóra jọ sí oko kan ní Bethel, New York, fún àjọ̀dún orin Woodstock. Odi kò tíì parí nígbà tí èrò dé, àwọn olùṣètò sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Oúnjẹ tán, òjò rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò dáná, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Hog Farm ń bu oúnjẹ fún èrò, àlàáfíà sì wà. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi iṣẹ́ ààbò níbi eré orin Altamont, ní Kalifọ́níà, lé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù tí wọ́n ń pè ní Hells Angels lọ́wọ́, tí wọ́n fi bíà san owó iṣẹ́ wọn. Wọ́n gún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa níwájú pèpéle. Lẹ́yìn 30 ọdún, Woodstock padà wá, ní ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ológun àtijọ́ ní Rome, New York. Oòrùn oṣù Keje ń mú, ilẹ̀ jẹ́ ọ̀dà àti kọnkéré, ìgò omi kan di dọ́là 4, ilé ìyàgbẹ́ kún àkúnya. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n pín àbẹ́là fún èrò kí wọ́n fi ṣe ìrántí. Àbẹ́là náà ni wọ́n fi dáná sun pápá. Wọ́n tún fipá bá àwọn obìnrin kan lò pọ̀ níbẹ̀. Òǹgbẹ kò fa ìyẹn o, ẹni tó ṣe é ló ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan náà ni Amẹ́ríkà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Orúkọ tí wọ́n fún èrò kì í wulẹ̀ máa wà lẹ́nu lásán, ó máa ń di irin àti sìmẹ́ǹtì. Nítorí pé wọ́n ti ka olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì sí ọmọ ìta, wọ́n fi irin gíga yí ibi ìdúró wọn ká kí wọ́n má baà wọ orí pápá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1989, ní pápá bọ́ọ̀lù Hillsborough, ní Sheffield, irin yẹn kò jẹ́ kí àwọn tó ń fún pọ̀ ráyè jáde. Èèyàn 97 ló kú níkẹyìn. Ọlọ́pàá tó kún ibẹ̀ wò wọ́n tí wọ́n ń gun irin, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìjàngbọ̀n ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ẹ̀bi ru òkú, pé ọtí ló pa wọ́n, pé àwọn ló fọ́ ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọdún 2016 ni ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó yọ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù náà kúrò nínú ẹ̀bi. Ní Akashi, àwọn ọ̀dọ́ jàǹdùkú tó ń gun alùpùpù ni ọlọ́pàá ń bẹ̀rù, wọ́n sì kó èèyàn sí ìyẹn ju sí ọ̀rọ̀ èrò orí afárá lọ.

Ti Glastonbury, àjọ̀dún orin ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mọ ìlà tò yìí náà ló fo odi wọlé ní 2000, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, débi pé kò sí àjọ̀dún ní 2001. Ní 2002 wọ́n mọ odi irin gíga kan. Láti ìgbà náà, ìlà ni gbogbo wọn ń tò.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ètò èrò lónìí kì í béèrè ìwé ìrìnnà. Wọ́n ń béèrè ọjọ́ orí èrò, irú orin tí wọ́n wá gbọ́, bóyá ọkọ̀ ojú irin ló ń kó wọn wá lẹ́ẹ̀kan náà tàbí wọ́n ń wá díẹ̀díẹ̀, ibi tí omi wà, àti ẹni tó máa kọrin lórí pèpéle kejì nígbà tí gbajúmọ̀ olórin bá ń parí. Ní Roskilde, wọ́n ń ka èrò tó ń wọ iwájú pèpéle ńlá, bí ọgbà ibẹ̀ bá sì ti kún, wọ́n á tì í. Èyí tó ṣòro jù ni mímọ ẹni tó láṣẹ láti dá orin dúró. Ní Houston, ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2021, àwọn aláṣẹ ti kéde pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti fara pa níbi àjọ̀dún orin Astroworld, síbẹ̀ orin ń lọ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí sí i. Èèyàn 10 ló kú. Kí ẹnikẹ́ni tó gun pèpéle ló ti yẹ kí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ohùn mọ orúkọ ẹni tó láṣẹ láti dá orin dúró náà, àti ibi tó dúró sí.