Inorganic: kán-ún, kábáìdì àti yúríà

Kán-ún tí wọ́n ń tà ní Òyìngbò, inú ilẹ̀ lápá adágún Chad ni wọ́n ti wà á. Kò sí ẹ̀rọ tó pò ó pọ̀. Síbẹ̀, inorganic ni lọ́dọ̀ onímọ̀ kẹ́mísírì. Náílọ́ọ̀nù dúdú tí ìyá tó ń tà á dì í sí, tí wọ́n fi epo rọ̀bì tàbí gáàsì ṣe, òun gan-an ni organic. Ẹni tó ti gbà pé "organic" ni ohun tí kò ní kẹ́míkà nínú á ní a ti dorí ọ̀rọ̀ kodò. A ò dorí ẹ̀ kodò o.

Ohun tí kẹ́mísírì ń wò ni bóyá kábọ́ọ̀nù, ohun tó pọ̀ jù nínú èédú, wà nínú nǹkan, pàápàá èyí tó so mọ́ háídírójìn. Ṣúgà, epo pupa, kẹrosíìnì, ògógóró àti ike wà níbẹ̀, organic ni wọ́n. Iyọ̀, yanrìn, irin àti álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi mú omi kànga tòrò kò sí níbẹ̀, inorganic ni wọ́n. Àmọ́ àwọn kan wà tí kábọ́ọ̀nù wà nínú wọn tí wọ́n ṣì ń kà mọ́ inorganic: kán-ún, ìkarahun ìgbín, sáyánáìdì tó jẹ́ májèlé, gáàsì tó ń hó nínú ìgò mínírà. Àṣà ló pọ̀ níbẹ̀ ju òfin lọ.

Orúkọ náà ti pẹ́. Nígbà kan, wọ́n gbà pé ara ohun abẹ̀mí nìkan ló lè ṣe ohun organic. Ní 1828, Friedrich Wöhler, ará Jámánì, fi ohun inorganic ṣe yúríà, ohun tó ń bá ìtọ̀ jáde, láìlo kíndìnrín kankan. Díẹ̀díẹ̀, ìgbàgbọ́ yẹn wó, orúkọ kò kúrò.

Ṣíbí irin àlòkù méjì àti iná gáàsì tó láti fi ojú rí ìyàtọ̀ náà. Ẹ bu ṣúgà sí ọ̀kan, iyọ̀ sí èkejì. Ṣúgà á yọ́, á pọ́n bí oyin, á rú èéfín, á wá wú di èédú: kábọ́ọ̀nù nìyẹn. Iyọ̀ á máa ta pàrà nítorí omi tó há sínú horo rẹ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ó di 801°C kó tó yọ́. Bí ẹ bá gbé kán-ún tó dọ̀tí síná, ó lè dúdú díẹ̀. Koríko tó wà nínú ẹ̀ ló jó, kì í ṣe kán-ún.

Lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà ní Ládípọ̀, ohun kan máa ń ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì lójú ẹni. Kábáìdì, òkúta aláwọ̀ eérú inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n dé pinpin, inorganic ni. Tí omi bá kàn án, ásẹ́tílíìnì, gáàsì tí àwọn wẹ́dà ń dá iná sí, ló ń tú jáde, organic nìyẹn: kábọ́ọ̀nù méjì, háídírójìn méjì. Kìlò kan kábáìdì tó mọ́ ń mú nǹkan bíi 400 giramu gáàsì wá. Ẹrẹ̀ funfun tó kù nísàlẹ̀ tánkì tún padà di inorganic. Ooru tó ń jáde pọ̀, ìdí nìyẹn tí omi fi gbọ́dọ̀ pọ̀. Tí omi bá kéré, òkúta á gbóná débi tí gáàsì lè gbaná. Tí ìfúnpá bá kọjá 15 psi, ásẹ́tílíìnì lè bú gbàmù láìsí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀ rárá. Páìpù bàbà kò sì gbọ́dọ̀ kàn án, torí ohun tí òun àti bàbà ń pò jọ máa ń bú tí nǹkan bá gbá a. Òórùn bí aáyù tó ń bá gáàsì kábáìdì jáde, ìdọ̀tí inú ẹ̀, ìyẹn gáàsì fọ́sífíìnì àti ásíìnì, ló ń rùn bẹ́ẹ̀, májèlé sì ni. Kábáìdì yìí kan náà ni àwọn kan ń kó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè tètè pọ́n.

Lóko, ìbéèrè yí padà: báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Organic ni yúríà tí wọ́n ń lò bí ajílẹ̀ nínú kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n oko organic kò gbọ́dọ̀ lò ó, torí ilé-iṣẹ́ ló ń fi gáàsì ilẹ̀ ṣe é, bíi ti Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí. Àpò 50 kg ní 23 kg náítírójìn, oúnjẹ ewéko, ìyẹn 46%. Ti inú ìgbẹ́ adìẹ kì í sábà ju 5% lọ. Ìgbẹ́ adìẹ tútù tí wọ́n kó sídìí tòmátò ń jó gbòǹgbò rẹ̀, bí yúríà tó pọ̀ jù ṣe ń jó o, nítorí amóníà kan náà, gáàsì olóòórùn líle tó ń ti ara méjèèjì jáde. Yúríà tí wọ́n dà sórí ilẹ̀ láìbò ó mọ́lẹ̀, apá kan nínú ẹ̀ máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àwọn tó ń kó pàǹtí tún ní tiwọn: ohun tó ń jẹrà nìkan ni organic. Náílọ́ọ̀nù ìṣáájú bọ́ síta nìyẹn.

Májèlé kò wo orúkọ. Mẹ́kúrì inú ìpara tí wọ́n fi ń bóra, inorganic ni, kíndìnrín ló ń bà jẹ́ jù. Ti inú ẹja ńlá òkun, organic ni, ọpọlọ ló ń bá jà, òun ló sì le jù. Ásẹ́níìkì wá gba òdìkejì: èyí tó jẹ́ inorganic nínú omi ilẹ̀ ló ń ṣekú pani, ti inú edé kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Lára páálí ìpara, calomel, mercurous chloride tàbí mercurio ni wọ́n máa ń pe mẹ́kúrì.