Iṣẹ́ ọnà ìta gbangba ní Ìbàdàn

Iṣẹ́ ọnà ìta gbangba ní Ìbàdàn ni àwọn ère, òpó gbígbẹ́, ilẹ̀kùn olọ́nà, àwòrán ara ògiri àti ilé tí wọ́n dìídì ṣe fún ibi kan pàtó nínú ìlú náà, tó jẹ́ pé ìtàn ìwáṣẹ̀, ẹ̀sìn tàbí ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ni orírun wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ère tí a lè gbé lọ tà lọ́jà ni pé ibi tí wọ́n wà jẹ́ ara ohun tí wọ́n ń sọ. Òpó ojúbọ tí wọ́n bá hú lọ ṣì lè rẹwà lójú, ṣùgbọ́n kò gbé òrùlé òrìṣà kankan ró mọ́.

Òkè àti ìtàn ìlú

Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun fọ́ Ìbàdàn àkọ́kọ́, Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá gorí òkè. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Oríkì ìlú ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parun: Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Òkè tó gbà wọ́n sílẹ̀ di òrìṣà, Òkèbàdàn, tí wọ́n mọ̀ sí abo òrìṣà ọlọ́mú ńlá. Abọ̀kè ni àwòrò rẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún ni wọ́n máa ń ṣọdún rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àṣà ni pé kí ẹnikẹ́ni má dáná ní ọ̀sán, ẹ̀kọ tútù ni wọn yóò jẹ, àwọn èèyàn á sì máa kọrin èébú kiri ìgboro láìsí ẹni tí yóò bínú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí iṣẹ́ ọnà Ìbàdàn fi rọ̀ mọ́ ilẹ̀, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀: kí gbẹ́nàgbẹ́nà tó fi irin kan igi, òkè fúnra rẹ̀ ti di ojúbọ.

Ojúbọ Ṣàngó ní Agbeni

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn ojúbọ Ìbàdàn ni ti Ṣàngó ní Agbeni. Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1910. Ó bá òpó gbígbẹ́ tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ níwájú ojúbọ náà, tí wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà kùn, ó sì tẹ àwòrán ibẹ̀ jáde fún àwọn ará Yúróòpù. Jagunjagun lórí ẹṣin, obìnrin lórí ìkúnlẹ̀ àti ìyá ọlọ́mọ ni irú àwòrán tí àwọn agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ sára òpó bẹ́ẹ̀. Nínú ojúbọ Ṣàngó, edun àrá máa ń wà nínú ọpọ́n lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Tí èèyàn bá wo oṣé, ọ̀pá gbígbẹ́ tí àwọn olùsìn Ṣàngó ń mú dání, dáadáa, yóò rí i pé ojú rẹ̀ méjèèjì jọ edun àrá, orí obìnrin tó kúnlẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń gbé e lé. Ohun tó já bọ́ láti ojú ọ̀run nígbà òjò, orí ẹni tó ń sin òrìṣà ló wá bà lé. Kò sí ère Ṣàngó fúnra rẹ̀ lára oṣé bẹ́ẹ̀, èmi ò sì rò pé wọ́n nílò rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ojúbọ ilẹ̀ Yorùbá, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri. Ẹfun ni funfun wọn, osùn ni pupa, èédú tàbí aró sì ni dúdú. Òjò ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń tún un kùn bí ọdún òrìṣà bá ti kù dẹ̀dẹ̀, nítorí náà àwòrán ara ògiri bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà ju ọdún kan sí méjì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà ti wà láti ìran dé ìran.

Ilé ìsìn Kristẹni

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew ló ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ben Enwonwu gbẹ́ ère Kristi tó jíǹde fún ilé ìjọsìn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀, Lámídì Fákẹ́yẹ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ti àwọn Kátólíìkì. Ọmọ ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún ni Fákẹ́yẹ. Ó tún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bámidélé ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì, ní ilé iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó, níbi tí àwọn amòye mẹ́ta inú Bíbélì ti ń yọ bí ọba Yorùbá. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, kò sì rí ìdí tí ìyẹn fi yẹ kó dí i lọ́wọ́.

Demas Nwoko

Ní 1961 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lára àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tó ń pàdé níbẹ̀ ni Demas Nwoko, ẹni tí wọ́n bí ní Idumuje-Ugboko ní 1935, tó sì ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ilé ìjọsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, ní Samonda, tó kọ́ láàárín 1970 sí 1975, ni iṣẹ́ rẹ̀ tó gbayì jù. Kò ya ilé náà sọ́tọ̀ kúrò lára ọnà inú rẹ̀, òun kan náà ló pète méjèèjì. Ilẹ̀ pupa ló pò mọ́ sìmẹ́ǹtì fi mọ ògiri, erùpẹ̀ kan náà tí àwọn baba wa fi ń mọ ilé, èyí tí àwọn ọ̀làjú ìgbà náà ń sá fún. Nípa báyìí, ilé náà kì í tan ooru sínú bí ti búlọ́ọ̀kù, ojú ògiri rẹ̀ sì bá ilẹ̀ àyíká mu. Ó kọ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ náà sí òkè Mọ́kọ́lá. Ní 2023, ìpàtẹ ilé kíkọ́ ti Venice fún un ní Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀.

Oríta àti ara aṣọ

Ère Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà wà ní oríta Challenge. Oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán, ó sì kú ní 1874 lásìkò Ààrẹ Látóòsà. Iṣẹ́ ọnà kan tún wà tó gba ọ̀nà òdì kejì: àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ, tí ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, fi ìyẹ́ adìẹ ya òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, sára aṣọ «Ìbàdàn dùn», wọ́n sì fi ṣíbí sáàárín òpó kan sí èkejì.

Òṣogbo

Ìbàdàn ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, kọ́kọ́ bá dé nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Nàìjíríà ní 1950. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lọ sí Ẹdẹ, níbi tí Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, ti tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́yìn náà ni òun àti Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà mìíràn, fi sìmẹ́ǹtì mọ àwọn ère sínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Òfin ti ń dáàbò bo igbó náà láti 1965, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sára ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ojúbọ agboolé ní Ìbàdàn ò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ikán ń jẹ òpó wọn, àwọn ọmọ onílé tó ti gba ẹ̀sìn mìíràn ń fi búlọ́ọ̀kù tún ilé kọ́, òǹrajà ère sì ṣe tán láti ra ohun tó bá ṣẹ́ kù.