Ìkòkò Mímọ Lọ́wọ́

Ìkòkò mímọ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ fífi amọ̀ tútù mọ ìkòkò, àwo àti ohun ìlò mìíràn láìlo kẹ̀kẹ́ tó ń yí, kí wọ́n tó sun ún nínú iná.

Amọ̀

Ara òkúta tí omi àti ojú ọjọ́ ti jẹ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni amọ̀ ti ń wá. Èérún rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì sábà máa ń kéré sí 0.002 mílímítà. Omi tó wà láàárín èérún wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn, tí amọ̀ fi ń gba bí ọwọ́ bá ṣe tẹ̀ ẹ́.

Amọ̀ tó kúnná jù máa ń súnkì púpọ̀ bó bá ń gbẹ. Nítorí náà, amọ̀kòkò a máa po iyanrìn, ìyàngbò tàbí àpáàdì gígún mọ́ ọn. Àpáàdì wúlò gan-an, torí pé ó ti la iná kọjá rí. Ìkarahun náà wúlò, àmọ́ bí iná bá lé ní nǹkan bí 800°C, ó lè yí padà, kó máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn náà, kó wú, kó sì bẹ́ ara ìkòkò.

Mímọ

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n fi àtàǹpàkò lu ihò sáàárín ìṣù amọ̀, kí wọ́n sì máa fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́. Fún ìkòkò ńlá, wọ́n á yí amọ̀ gùn bí okùn, wọ́n á sì ká a lé ara wọn. Bí ojú ibi tí ipele méjì ti pàdé kò bá wọra dáadáa, ibẹ̀ ni yóò sán. Okùn amọ̀ báyìí ni Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ Nàìjíríà tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20, máa ń ká láti mọ ìkòkò omi rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Àwọn mìíràn ń tẹ́ amọ̀ sí ìdí ìkòkò àtijọ́.

Gbígbẹ àti sísun

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìkòkò ti ń bàjẹ́. Bí omi bá ti ń jáde, èérún amọ̀ á máa sún mọ́ra, ìkòkò á sì máa kéré sí i. Bí ẹnu bá gbẹ ṣáájú ìdí, ẹnu á fà, ìdí ò ní í tẹ̀ lé e, ìkòkò á sán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ níbòòji, tí wọ́n sì ń fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí kò bá tẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí èékánná ṣì lè kọ ilà sí i, ni wọ́n ń fi òkúta tó jọ̀lọ̀ ra á kó lè dán.

Ìkòkò tó gbẹ lójú ṣì ní omi nínú. Bí iná bá mú un lójijì, omi náà á hó, ooru rẹ̀ á máa wá ọ̀nà jáde, ìkòkò á sì bú gbàmù. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè móoru díẹ̀díẹ̀. Láàárín nǹkan bí 450 sí 600°C, omi mìíràn tó so mọ́ amọ̀ fúnra rẹ̀ á tún jáde. Láti ìgbà náà lọ, kò lè padà di ẹrẹ̀ mọ́, kódà bí wọ́n rì í sómi. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sí ìyípadà tó ṣe pàtàkì tó èyí.

Iná ìta gbangba, tí wọ́n fi igi, koríko tàbí ìgbẹ́ màlúù dá, sábà máa ń dé 600 sí 900°C. Ìkòkò tó bá ti inú rẹ̀ jáde ṣì ní ihò wẹ́wẹ́ lára. Èyí kì í ṣe àbùkù: omi tó ń yọ níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ló ń mú kí omi inú àmù tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè dé ara ìkòkò nínú iná, irin inú amọ̀ á sọ ọ́ di pupa. Bí wọ́n bá bo iná náà mọ́lẹ̀, èéfín á sọ ọ́ di dúdú.

Ìtàn

Àpáàdì ihò àpáta Xianrendong ní Ṣáínà wà lára èyí tó pẹ́ jù tí a mọ̀, nǹkan bí 20,000 ọdún. Ti Ounjougou ní Mali ti lé ní 11,000 ọdún. Àwọn awalẹ̀pìtàn a máa wo bí àkúfọ́ ṣe ya: èyí tó ya ní ìlà tó tẹ̀ léra wọn sábà máa ń fi hàn pé okùn amọ̀ ni wọ́n ká.