Ọkọ̀ Ló Sọ Dodgers Lórúkọ

Brooklyn, ní New York, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ bẹ́sìbọ́ọ̀lù Dodgers sílẹ̀ ní 1883. Nígbà tó yá, irin tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba títì inú ìlú, gba títì ibẹ̀ kan, ẹni tó bá ń lọ wo eré á máa yẹ ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ni wọ́n bá ń fi ará Brooklyn ṣẹ̀fẹ̀ pé "Trolley Dodgers", àwọn ayẹ-tíráàmù, orúkọ náà sì mọ́ ẹgbẹ́ náà lára. Ṣáájú ìyẹn, "Ọkọ Ìyàwó" ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà, torí pé àwọn bíi mélòó kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gbéyàwó lásìkò kan náà ní 1888. Ká ní èmi ni, mi ò ní pààrọ̀ ẹ̀.

Pápá onípákó ni wọ́n ń lò títí Charles Ebbets, tó bẹ̀rẹ̀ látorí títa tíkẹ́ẹ̀tì kó tó di ọ̀gá, fi rí ilẹ̀ kan ní Pigtown, àdúgbò kan ní Brooklyn. Ààtàn ni, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rà á lábẹ́lẹ̀, torí bí àwọn onílẹ̀ bá gbọ́ ohun tó fẹ́ kọ́, owó ilẹ̀ á fò sókè. Síbẹ̀ owó tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ta ìdajì ẹgbẹ́ náà fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò McKeever. Wọ́n ṣí Ebbets Field ní 1913, mábù lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ wọn ò rántí kọ́ àyè fún àwọn oníròyìn!

Ibẹ̀ ni Jackie Robinson, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Dodgers ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1947, lẹ́yìn nǹkan bí 60 ọdún tí líìgì ńlá ti tilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú.

Walter O'Malley, tó wá ni ẹgbẹ́ náà, ní pápá ti há jù, mọ́tò ò ríbi dúró sí. Ó bèèrè ilẹ̀ ní Atlantic Avenue ní Brooklyn; Robert Moses, tí àṣẹ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ní Queens, apá mìíràn ní New York, ni kó lọ. Lẹ́yìn sáà 1957, O'Malley kó ẹrù ẹ̀, ó di Los Angeles. Wọ́n wó Ebbets Field ní 1960, wọ́n kọ́ ilé ayálégbé sórí ẹ̀.

Chavez Ravine, ilẹ̀ tí ìlú Los Angeles fún un, kì í ṣe ààtàn bíi ti Pigtown. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Mexico ló ń gbé àdúgbò mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Ní 1950, ìjọba kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ta ilé wọn, pé ilé olówó pọ́ọ́kú làwọn fẹ́ kọ́, àwọn ará àdúgbò náà ni yóò sì kọ́kọ́ yàn nínú ẹ̀. Wọn ò kọ́ ọ. Ní 1959, ọlọ́pàá wá lé àwọn tó ṣẹ́kù. Obìnrin kan wà tí wọ́n gbé lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ jáde nílé.

Dodger Stadium ṣí ní 1962, àyè mọ́tò 16,000 ló yí i ká. Ilé ẹ̀kọ́ Palo Verde, ọ̀kan lára àdúgbò mẹ́ta yẹn, wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń páàkì sí: wọ́n ṣí òrùlé ẹ̀, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ kún inú ẹ̀.