Kí Wọ́n Tó Bi Yín Nípa Àìsàn, Iṣẹ́ Yín Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Béèrè

Nígbà tí àwa tí a ń ṣe ìwádìí lórí ìlera àti ìgbé-ayé àwùjọ bá wọ agboolé kan ní Ìrẹ̀mọ ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí ní Ìjọ̀kà ní Iléṣà, ohun tí ó máa ń ya àwọn onílé lẹ́nu ni pé a kì í kọ́kọ́ béèrè àìsàn. Iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe ni a máa ń béèrè, ibi tí ó ti ń ṣe é, iye ọdún tí ó ti lò lẹ́nu rẹ̀, àti bóyá ó ní ọ̀gá tí ń san owó oṣù fún un. Àwọn kan a rò pé owó orí ni a wá ṣírò. Àwọn mìíràn a sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ni ó ń dun àwọn, kì í ṣe iṣẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí a fi ń béèrè bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tí irú wa lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́la.

Àìsàn kì í pín ara rẹ̀ lọ́gbọọgba láàárín àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1967, àwọn olùwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 17,000 tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbogbo wọn ni ó níṣẹ́ lọ́wọ́, gbogbo wọn ni ó ń gba owó oṣù, ètò ìlera ìlú wọn sì jẹ́ kí gbogbo wọn lè rí dókítà lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, àrùn ọkàn pa àwọn tí ipò wọn rẹlẹ̀ jù, irú àwọn tí à ń rán níṣẹ́ àti àwọn asọ́lẹ̀kùn, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tí ó fi pa àwọn ọ̀gá àgbà. Ohun tí ó wọ̀ mí lára jù nínú àbájáde náà ni pé ìyàtọ̀ yìí kò dúró sí àárín ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá àti ẹni òkè pátápátá: bí ipò bá ti ń relẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni ikú ń pọ̀ sí i. Sìgá mímu ṣàlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀, kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Michael Marmot, tí ó ṣiṣẹ́ lórí ìwádìí náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ láti 2005 sí 2008, láti wo ohun tí owó, ilé, ipò àti iṣẹ́ ń ṣe sí ara ènìyàn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí láàárín àwọn tí ó dájú pé owó oṣù yóò wọlé, kí ni kí a retí níhìn-ín? Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìṣirò gbé e jáde ní 2023 pé nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn tí ó lé ní 92 ni iṣẹ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ àdáṣe tàbí iṣẹ́ tí kò ní ìwé nídìí. Jórinjórin tí ń fi ojú lásán wo iná wà nínú wọn. Ẹni tí ń fọ́n oògùn sí kòkó láìbo imú, tí ó sì ń gbé aṣọ oko náà wálé fún ìyàwó láti fọ̀, wà nínú wọn. Alábàárù ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà tí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ru ẹrù láti ìgbà èwe wà nínú wọn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ wúrà, nítorí pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó wà. Ní Ìtagunmodi àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀, àwọn ènìyàn ń wa wúrà. Ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé tí a ti ń fi ọwọ́ wà á, ọ̀nà tí ó yá jù láti yọ wúrà wẹ́wẹ́ kúrò nínú iyanrìn ni láti da mẹ́kúrì sí i, kí ó lè gbá wúrà náà mọ́ra, kí a sì fi iná sun ún títí mẹ́kúrì yóò fi fò lọ. Èéfín rẹ̀ tí ó fò lọ yẹn ni ewu. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tí ó sì ń fà á símú lè máà mọ nǹkan kan lára ní ọjọ́ náà. Ọpọlọ àti iṣan ni ó ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀: ọwọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, oorun a dá lójú, ìgbàgbé a dé. Bí a bá ń sun ún nínú ilé tí aboyún tàbí ọmọ kékeré wà, àwọn náà ń fà á símú, ọpọlọ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni ó sì ń ṣe ní jàǹbá jù. Nígbà tí ọwọ́ bàbá náà bá wá ń gbọ̀n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé ìwòsàn tí kò béèrè iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa wá ìdí rẹ̀ níbòmíràn, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sì máa fura sí ayé.

Òfin kan wà láti 2010 fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe tàbí tí ó bá kó àìsàn níbi iṣẹ́. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò kan tí a ó ti máa san owó gbà-má-bìínú fún ẹni tí ó fara pa. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá owó fún ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́? Ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe onídùúró fún ara rẹ̀, ọjọ́ tí ara náà bá sì kọ̀, owó oúnjẹ àti owó ìtọ́jú a dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́ ṣe ń bí àìpé ara, tí àìpé ara sì ń bí ìṣẹ́ padà.

Ohun kan wà tí ó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá lọ sí ìsọ̀ pákó, tí ó yẹ etí gbogbo àwọn tí ó bá níbẹ̀ wò, tí ó sì ka ìka ọwọ́ wọn, ó ṣeé ṣe kí ó mú ìròyìn wálé pé iṣẹ́ náà kò burú tó bí a ti ń sọ. Àwọn tí ẹ̀rọ ti gé níka, àti àwọn tí ariwo ẹ̀rọ ti di létí débi pé wọn kò gbọ́ ìkìlọ̀ mọ́, ti kúrò níbẹ̀. Ilé ni wọ́n wà. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le ni ó ń ṣẹ́kù sídìí iṣẹ́ tí ó le, nítorí náà ibi iṣẹ́ tí ó ń ṣeni léṣe jù lè máa fara hàn bí ibi tí ara àwọn ènìyàn ti yá jù. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè iṣẹ́ tí ẹ ti fi sílẹ̀, àti ohun tí ó mú kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ pé ilé ni kí a lọ kò ṣàjèjì ní agbègbè wa. Láti 1956, dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá bá a. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti tọpa àwọn ọmọ láti ọjọ́ tí a bí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni ó ti hàn kedere bí éèyi, ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà ṣe ń fi ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó jẹ ṣe ìjẹ. Káàdì tí ìyá ń tọ́jú sọ́wọ́ ara rẹ̀, tí a fi ń wo bí ìwọ̀n ọmọ ṣe ń gòkè, tí ó ti wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí, inú iṣẹ́ yẹn ni ó ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìbéèrè tí ó máa ń bí àwọn onílé nínú jù, èyíinì ni ìbéèrè nípa àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ètò ìkànìyàn 2006 kà wọ́n sí ìdá 2.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Nàìjíríà. Nígbà tí ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 béèrè lọ́nà mìíràn lórí àwọn tí ó ti pé ọdún márùn-ún sókè, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ìṣòro dé àyè kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2022 pé ẹnìkan nínú mẹ́fà láyé ni ó ní àìpé ara tí ó lágbára, ìyẹn ènìyàn bílíọ̀nù 1.3. Kì í ṣe pé àkàndá ṣàdédé pọ̀ sí i láàárín wa. Ìbéèrè ni ó yàtọ̀. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ní, “Ǹjẹ́ afọ́jú, adití tàbí arọ wà nínú ilé yìí?”, onílé yóò ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,” ìyá àgbà tí ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sí ilé ìwẹ̀ yóò sì ṣe “Àmín” sí i.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Washington Group sílẹ̀ ní 2001, ṣe la ìbéèrè mẹ́fà kalẹ̀ tí kò dárúkọ àbùkù ara kankan. Ǹjẹ́ ẹ ń ní ìṣòro láti ríran, bí ẹ tilẹ̀ wọ awò ojú? Láti gbọ́ràn, bí ẹ tilẹ̀ lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn? Láti rìn tàbí láti gun àtẹ̀gùn? Láti rántí nǹkan tàbí láti pọkàn pọ̀? Láti wẹ̀ tàbí láti wọṣọ? Láti sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn gbọ́ yín, tàbí kí ẹ̀yin gbọ́ ọ ní àgbọ́yé? Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wà: kò sí ìṣòro, ìṣòro wà díẹ̀, ìṣòro wà púpọ̀, kò ṣeé ṣe rárá. Ìyá àgbà yẹn yóò dáhùn èyí láìtijú, nítorí pé a kò fún un lórúkọ kankan.

Ìbéèrè náà tún jẹ́ kí a rí ohun tí àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹnu mọ́ láti àwọn ọdún 1970, pé ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀ tí kò gbé nǹkan, ọ̀tọ̀ ni àwùjọ tí ó dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ náà. Ọ̀dọ́kùnrin tí rọpárọsẹ̀ bá jà, tí ó sì mọ fóònù tún ṣe dáadáa, ohun tí ó ń lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ ni gọ́tà tí kò ní ìdérí, ìsọ̀ tí ó wà lórí àtẹ̀gùn, àti ilẹ̀kùn ilé ìfowópamọ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gbà kọjá. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 fún àwọn tí ó ni ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe, rí i pé ìdá 5 ó kéré tán nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti 2024. Ó dùn mí pé àtẹ̀gùn ṣì pọ̀ ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ béèrè ìdá 5 fún àwọn tí ilé wọn ti sọ fún olùwádìí pé wọn kò sí.

Nítorí náà, bí a bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù dáhùn fún ara rẹ̀ níwọ̀n bí ó bá ti lè ṣe é. Ọkọ kì í mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dun ìyàwó tó, ọmọ kì í sì mọ ìwọ̀n ohun tí bàbá rẹ̀ kò gbọ́ mọ́. Ẹ má fi ọmọ pamọ́ sí yàrá. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé tí ó fi hàn pé ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ìlànà ìwádìí ti fọwọ́ sí iṣẹ́ wa, láti béèrè ẹni tí yóò rí ìdáhùn yín, láti kọ̀ tàbí láti dáwọ́ dúró láàárín méjì, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìtọ́jú dù yín nítorí rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú, bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kò bá béèrè, ẹ fẹnu ara yín sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti èyí tí ẹ ti ṣe rí, ohun tí ẹ ń fà símú níbẹ̀, ariwo tí ó wà níbẹ̀, ẹrù tí ẹ ń rù, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì yín.