Kìlíìpù Eléèékánná Ọlọ́nà: Bó Ṣe Ń Di Irun Mú, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Yàn Án

Lórí àtẹ àwọn tó ń ta nǹkan irun ní ọjà Kàbbà tàbí Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọnà ara kìlíìpù ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé: aláwọ̀ ẹ̀yìn ahun, alámì ẹkùn, olódòdó, èyí tó dà bí mábù, èyí tó pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bíi pátákó dúráàfù. Ọnà yìí kọ́ ló ń di irun mú. Sipíríǹgì ni, ehín ni, àti bí inú rẹ̀ ṣe jìn tó. Ẹni tó bá fi ọnà ṣáájú lè ra èyí tó rẹwà tí kò ní bá irun rẹ̀ dé ọ̀sán.

Apá méjì ló wà lára kìlíìpù eléèékánná, wọ́n sì tẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tí èèyàn fẹ́ fi bu omi mu. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀, sipíríǹgì sì wé mọ́ irin náà. Etí méjì tí ìka ń tẹ̀ wà lókè irin yìí, ehín wà nísàlẹ̀. Sipíríǹgì ń ti etí méjèèjì jìnnà síra, ìyẹn ló ń mú kí ehín pàdé. Bí ìka bá tẹ etí pọ̀, ẹnu á là. Bí pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn, àfi pé ehín kìlíìpù máa ń wọ àárín ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì, kòtò sì wà nínú rẹ̀ tí irun ń gbé. Ará Faransé kan, Christian Potut, ló gbé e jáde ní 1986. Akàn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ lọ́hùn-ún, ẹni tó bá sì ti rí akàn létí odò kò ní bèèrè ìdí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe fífún nìkan ni kìlíìpù fi ń dúró lórí. Ehín gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ irun tí a lọ́, kó sì mú díẹ̀ nínú irun tó tẹ́ lórí awọ orí. Irun ìsàlẹ̀ yìí ló ní gbòǹgbò, òun ni ìdákọ̀ró. Bí kìlíìpù bá di irun tí a lọ́ nìkan mú, ńṣe ló kàn so rọ̀ síbẹ̀. Ìwúwo irun á máa fà á wálẹ̀, nígbà tó bá fi máa di wákàtí kejì ó ti dé ọrùn. Wọ́n á ní sipíríǹgì kò dáa. Sipíríǹgì kò ṣe nǹkan kan.

Ìwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú. Kó gbogbo irun tí o fẹ́ dì jọ, lọ́ ọ, kí o fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là yí i ká kí o lè mọ bó ṣe ki tó. Kìlíìpù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 kò lè gbé ju irun iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ etí lọ. Èyí tó wà láàárín 6 sí 8 tọ́ sí irun fífẹ́lẹ́ tí kò ki, tó balẹ̀ dé èjìká, tàbí irun àdámọ́ kúkúrú tí wọ́n ti fi òwú kó kó lè gùn. Bó bá di 10 tàbí 11, irun tó kún àti irun tí wọ́n fi àtáṣímẹ́ǹtì tẹ́ẹ́rẹ́ dì lè wọ̀ ọ́. Irun dídì tó nípọn tó sì gùn dé ìdí ń fẹ́ 13. Àmọ́ gígùn nìkan kò tó o: kìlíìpù méjì lè jẹ́ 11 kí ọ̀kan rí pẹlẹbẹ, kí èkejì yọ ikùn bí igbá. Ẹni tírun rẹ̀ kún ni oníkùn wà fún. Tí ó bá tó, irun á kún inú rẹ̀, ehín méjèèjì á sì kọjá ara wọn díẹ̀. Bí ṣóńṣó ehín kò bá kan ara wọn, ó kéré, sipíríǹgì rẹ̀ yóò sì tètè rẹ̀. Bí irun bá ń yí gbiri nínú rẹ̀, ó ti tóbi jù.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ó yẹ kí ẹni tó ń rà á ṣí i pa dé nígbà mẹ́wàá. Sipíríǹgì tó dáa máa ń padà pẹ̀lú agbára kan náà ní gbogbo ìgbà; èyí tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tàbí tó ń lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kò ní pẹ́. Fi ehín rẹ̀ fa inú ọrùn ọwọ́, níbi tí awọ ti rọ̀. Bó bá họ ibẹ̀, yóò họ awọ orí. Lẹ́yìn náà, fi èékánná wá ìlà tó yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ehín. Ibi tí ẹnu apá méjì mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi mọ ọ́n ti pàdé nìyẹn, ibẹ̀ sì ni irun ti ń há tó fi ń já.

Ọ̀rọ̀ ọnà wá kù. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ ike tí wọ́n yọ́, tí wọ́n tẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì wá tẹ ọnà sí lójú. Ìkejì ni ásítéètì, tí wọ́n ń fi fọ́nrán igi àti òwú ṣe. Nínú tirẹ̀, àwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n ń pò mọ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi di pẹpẹ, kí wọ́n tó gé e, tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ooru, kí wọ́n sì dán an. Nítorí náà ọnà rẹ̀ wọ inú, ó sì yọ sí ẹ̀yìn. Etí ehín ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: bí ọnà bá parí sójú, tí etí jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ máa pààrọ̀ ọnà bí ó ṣe ń pààrọ̀ aṣọ. Ibi tí ìka ń tẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bó, torí òróró àti òógùn ibẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀yìn ahun náà, ẹ̀yìn ìjàpá òkun ni wọ́n ń fi ṣe é nígbà kan. Òfin àgbáyé ti ka òwò rẹ̀ léèwọ̀, ásítéètì àti ike ló sì gba ipò rẹ̀.

Lórí irun dúdú, aláwọ̀ ẹ̀yìn ahun tó ṣókùnkùn kì í hàn rárá. Tí èèyàn bá fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta jìnnà, ó ti wọnú irun lọ. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ kí wọ́n rí i, mú èyí tí àwọ̀ oyin tàbí àwọ̀ wàrà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọnà kéékèèké máa ń dà rú lójú lórí kìlíìpù kékeré; ọnà ńlá ni kó wà lórí kìlíìpù ńlá, àmì bíi mẹ́ta sí márùn-ún lójú kan ti tó. Pẹ̀lú ańkárá, mú àwọ̀ kan ṣoṣo nínú aṣọ, kí kìlíìpù gbé e, kí ọnà rẹ̀ má sì jọ ti aṣọ. Aṣọ tí àwọn obìnrin Bùnú àti Kàbbà ń hun lórí òfì ìdúró sábà máa ń ní ìlà, nítorí náà kìlíìpù onílà máa ń bá a jà. Èyí tó dà bí mábù tàbí aláwọ̀ kan ló máa ń bá a lọ.

Dídì rẹ̀ kò le. Kó irun jọ sí ìpàkọ́, lọ́ ọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká fúnra rẹ̀. Gbé e sókè kó tẹ́ mọ́ ẹ̀yìn orí, jẹ́ kí ìrù rẹ̀ ṣubú sórí. La ẹnu kìlíìpù dé òpin, kì í ṣe ìdajì. Ki ehín apá kan sí abẹ́ irun tí o lọ́ títí tí yóò fi kan awọ orí, kí o wá jẹ́ kí apá kejì sọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì. Mi orí. Bó bá fà ọ́, tẹ̀ ẹ́, sún un sókè díẹ̀ kí irun dẹ̀, tún un tì. Orí fífọ́ lẹ́yìn wákàtí kan túmọ̀ sí pé irun ti le jù, kò túmọ̀ sí pé ó dúró dáadáa.

Irun tí wọ́n fi àtáṣímẹ́ǹtì dì wúwo, nítorí náà lílọ́ méjì ti tó. Yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn bí o bá kó ìdajì òkè nìkan, láti etí kan dé èkejì, kí ìyókù máa balẹ̀. Bí o bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀, ká a bí òṣùká kí o sì fi kìlíìpù méjì gbá a mú láti òkè àti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo á ṣẹ́. Irun àdámọ́ ń fẹ́ ehín tó jìnnà síra. Má ṣe fi sórí irun tútù: omi ń mú irun rọ, ó sì ń mú sipíríǹgì dípẹtà, ìpẹtà náà a sì máa kó àbàwọ́n bá irun àti ọrùn aṣọ. Nígbà ọyẹ́, irun ń fẹ́ òrí, ṣùgbọ́n òrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń mú kìlíìpù yọ̀. Alẹ́ ni kí o pa á, kó wọ irun kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn agbègbè àwọn Yorùbá ní Kogí tí Kàbbà àti Ìsánlú wà, níbi tí iyán kì í wọ́n, ibi tí kìlíìpù wà lórí ní í ṣe pẹ̀lú oúnjẹ. Èyí tó wà ní àtàrí ń mì pẹ̀lú gbogbo ọmọ odó tó bá balẹ̀, ó sì lè bọ́ sínú odó nígbà tí ẹni tó ń gún bá tẹ̀ síwájú. Ìpàkọ́ ló yẹ kó wà, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n sì wé ìborí. Ìborí náà ló dáa nídìí iná igi, torí ike kì í fẹ́ràn ooru. Bí gèlè bá ń bọ̀ lórí irun, kìlíìpù ńlá á yọ gúńlẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Kékeré pẹlẹbẹ kan níwájú, irun tó kù ní dídì sílẹ̀, gèlè á jókòó.

Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí tí ọ̀kadà bá gbé èèyàn, kí kìlíìpù kúrò lẹ́yìn orí. Bí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, ibi tí orí máa fara lé ni ehín líle wà, ó sì lè wọ awọ orí. Àkẹtẹ̀ ọ̀kadà pàápàá kì í wọ orí dáadáa tí kìlíìpù bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Má jẹ́ kó máa wà lójú kan náà lójoojúmọ́. Irun tí wọ́n ń fà níbì kan ṣoṣo máa ń re, pàápàá ní iwájú orí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, tí ó bá sì pẹ́ kì í hù padà mọ́. Fi lọ́tùn-ún lónìí, sísàlẹ̀ lọ́la, kí o sì yọ ọ́ kí o tó sùn. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn tẹ kìlíìpù mọ́ ìrọ̀rí ni ọ̀pọ̀ ehín ti ń kán. Ehín kan tó kán kì í ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí abẹ, kí wọ́n fi fáìlì èékánná ha á. Sùpágúlù kì í pẹ́ níbẹ̀. Méjì tó kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ti parí. Irun tó wé mọ́ sipíríǹgì ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tú lọ́sẹ̀ méjì-méjì, nítorí òun ló ń dí i tí kò fi ń padà dáadáa. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó láti fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì nù ún gbẹ. Omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ kò gbọ́dọ̀ kàn án: àsítóònù inú rẹ̀ ń yọ́ ásítéètì àti oríṣi ike púpọ̀, ojú rẹ̀ á sì ṣú bí gíláàsì tí kùrukùru bò.

Èyí tí oòrùn tẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó dúró, bó bá jẹ́ ásítéètì, ó ṣì ní àtúnṣe. Rì í sínú omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó fún ìṣẹ́jú kan, fi aṣọ dì í mú, tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, kí o sì dì í bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tutù. Ike tí wọ́n tẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù sábà máa ń ṣẹ́ bí wọ́n bá ní kí àwọn tẹ̀ ẹ́ padà.